Ojú Idia àti Àga Gómìnà: Irú Obìnrin Wo Ni Eré Wa Ń Fi Jọba?

Ní oṣù kìíní ọdún 1977, nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè gbogbo péjọ sí ìlú Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà wọn, ojú obìnrin ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Idia ni ẹni tó ni ojú yìí. Òun ni ìyá Ọba Esigie ti ìlú Bìní, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè Iyoba ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn Bìní kò sọ pé ó jókòó sínú ìyẹ̀wù kí ó máa wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Ìtàn sọ pé ó kó ogun jọ, ó gbèjà àga ọmọ rẹ̀, ó sì dúró tì í nígbà tí ogun Ídà dé. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ère náà lọ ní ọdún 1897 nígbà tí wọ́n kó ìlú Bìní. Nígbà tí Nàìjíríà sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá wa fún àjọ̀dún 1977, British Museum kò gbà. Ẹ̀dà tí a tún gbẹ́ ni a fi ṣe àjọ̀dún.

Ilé tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún yẹn ni ó di Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Ọ̀dọ̀fin. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ gègé lórí àwọn ilé náà, wọ́n sì pín wọn fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ẹ̀yà gbogbo. Nígbà tí fíìmù fídíò di òwò ńlá láti ọdún 1990 síwájú, àwọn òpópónà àti pálọ̀ Festac wà lára ibi tí àwọn olùyàwòrán fẹ́ràn jù lọ, ọjà Alábà tí wọ́n ti ń ta fíìmù kò sì jìnnà sí wọn. Nítorí náà, mo rò pé ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí á ti béèrè ọ̀rọ̀ kan. Àwa tí a fi ojú obìnrin tó mọ ìjọba ṣe àmì ara wa lójú gbogbo ayé, irú obìnrin wo ni àwa náà ń gbé sórí àga nínú eré amóhùnmáwòrán?

Èrò tèmi ni pé eré wa mọ ọ̀nà tí obìnrin fi ń dé ipò, ó sì mọ ọ̀nà tí ó fi ń ṣubú kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà tí ó wà lórí ipò náà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè sọ pé kí ni tèmi nínú rẹ̀, ṣebí eré ni. Bẹ́ẹ̀ ni, eré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ilé ìjọba rí, inú eré ni ó ti ń mọ ohun tí ń lọ níbẹ̀, a sì ń gbé ohun tí a mọ̀ yìí lọ sí ibùdó ìdìbò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo èdè wa fúnra rẹ̀. Bí Yorùbá bá ní "ó dé", a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ló dé tàbí obìnrin. Bí a bá ní "wọ́n ti jókòó", ọ̀wọ̀ ni a fi fún ẹni náà, a kò sọ pé akọ ni tàbí abo. Olórí, aṣáájú, ìjòyè, ọba: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èdè fi fún ọkùnrin nìkan. Ìtàn Ifẹ̀ ka Lúwo mọ́ àwọn Ọọ̀ni, obìnrin sì ni. Ìtàn Oǹdó fi Pupupu ṣe Ọṣemàwé àkọ́kọ́, obìnrin sì ni. Oyè Ìyálóde wà ní tirẹ̀, kì í sì í ṣe oyè ìyàwó ẹnikẹ́ni. A kì í fi ènìyàn jẹ Ìyálóde nítorí pé ọkọ rẹ̀ wà ní ààfin. Ìyálóde ní àwọn ìjòyè tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ń parí ìjà ọjà, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìlú ní orúkọ àwọn obìnrin. Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé eré bá fẹ́ gbé obìnrin sórí àga, kò yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yá àga lọ́wọ́ òyìnbó.

Kí ni a wá fi Ìyálóde ṣe lórí ìtàgé? Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú gbogbo eré wa lórí oyè yìí ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1966, ó di ìwé ní ọdún 1970, Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e jáde fún ogunlọ́gọ̀ èrò ní Ìbàdàn ní ọdún 1981, lẹ́yìn náà ó di fíìmù. Ìwé tó dára ni. Èdè rẹ̀ jinlẹ̀, ìrora ìyá tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó kù lọ́kàn òǹwòran. Obìnrin kan tí kò lọ́mọ mọ́, tí ó sì sọ pé kí ẹrú rẹ̀ kankan má bímọ. Tí ó pa aboyún. Tí Látòósà wá gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ.

Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1921, gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, Látòósà yọ Ẹfúnṣetán lóyè ní ọdún 1874, ẹ̀sùn tí ó fi kàn án sì jẹ́ ẹ̀sùn ìṣèlú: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Obìnrin náà kò gbé májèlé jẹ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ lóògùn owó lọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n sì pa á ní òru nínú ilé ara rẹ̀. Oníṣòwò ńlá ni, ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun ní àwìn, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ kò sì kéré. Kì í ṣe ẹni mímọ́. Ó ní ẹrú púpọ̀, ó sì ń fi wọ́n ṣòwò, èyí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Látòósà náà ní ẹrú. Látòósà tí eré fi ṣe olùgbàlà yìí ni ó kó Ìbàdàn wọ ogun Kírìjí ní ọdún 1877, ogun tí kò parí pátápátá títí di ọdún 1893. Òun fúnra rẹ̀ kú sí bùdó ogun náà ní ọdún 1885.

Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti yí ìtàn padà. A kì í bá eléré jà nítorí pé ó ṣeré. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ibi tí ìyípadà náà dojú kọ. Ìjà lórí owó, ogun àti agbára ìgbìmọ̀ ìlú ni a sọ di ìjà inú ilé ọlọ́mọ àti ẹni tí kò lọ́mọ. A gba ìṣèlú kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà, a fi ìbànújẹ́ ìyá rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ "Ìyálóde", orí aboyún tí a bẹ́ ni ó ń wá sí wọn lọ́kàn, kì í ṣe àga ní ìgbìmọ̀.

Ẹni kan lè sọ pé ọba burúkú pọ̀ nínú eré wa pẹ̀lú. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí mi wà. Ẹ wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá yìí kan náà kọ. Lápité jẹ́ ọba olè, ó kọ̀ láti búra, ó tà igbó ìlú. Ológun gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà kò sàn jù ú lọ. Síbẹ̀ nígbà tí Agogo Èèwọ̀ jáde ní ọdún 2002, wọ́n wá ọba mìíràn, ọkùnrin, tí ó fẹ́ tún ìlú ṣe. Kò sí òǹwòran tí ó jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ọkùnrin kò yẹ lórí oyè. Ohun tí ó sọ ni pé oyè náà fẹ́ ọkùnrin tó sàn jù báyìí. Bí ọkùnrin bá bàjẹ́ nínú eré, a máa ń pààrọ̀ ènìyàn. Bí obìnrin bá bàjẹ́, ó dà bí ẹni pé a ti àga náà pa.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí eré ayé òde òní. Ní ọdún 2016, EbonyLife gbé eré alátìgbàdégbà kan jáde tí wọ́n pè ní The Governor. Angela Ochello ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀, Caroline Chikezie sì ni ó ṣe é. Igbákejì gómìnà ni, ní ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ Savannah pè. Gómìnà kú lójijì, Angela sì gorí àga. Eré náà gbìyànjú. Ó fi obìnrin tó ní làákàyè hàn láàárín àwọn baba ìsàlẹ̀ tí wọ́n rò pé àwọn yóò máa fà á bí ẹni fa ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé. Kò sí ẹni tí ó dìbò fún un pé kí ó ṣe gómìnà. Òkú ọkùnrin ni ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, eré Commander in Chief ti ọdún 2005 gba ibẹ̀ kọjá: ààrẹ kú, igbákejì rẹ̀ obìnrin sì bọ́ sórí àga. Ayé gidi náà fi ẹ̀rí díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Joyce Banda di ààrẹ Malawi ní ọdún 2012 nígbà tí Bingu wa Mutharika kú. Samia Suluhu Hassan di ààrẹ Tanzania ní ọdún 2021 nígbà tí John Magufuli kú. Ní Nàìjíríà, Virginia Etiaba ṣe gómìnà Anambra fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, láti oṣù kọkànlá ọdún 2006 sí oṣù kejì ọdún 2007, nítorí pé wọ́n yọ Peter Obi nípò, kí ilé ẹjọ́ tó dá a padà. Títí di òní, a kò tíì rí obìnrin tí ìbò gbé dé ipò gómìnà, kí wọ́n sì búra fún un, ní ìpínlẹ̀ kankan nínú 36. Nítorí náà àwọn òǹkọ̀wé lè sọ pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ni àwọn kọ. Ṣùgbọ́n Ellen Johnson Sirleaf fi ìbò wọlé ní Liberia ní ọdún 2005, Netumbo Nandi-Ndaitwah sì fi ìbò wọlé ní Namibia ní ọdún 2024. Àwọn náà wà nílẹ̀. Kí ló dé tí òkú nìkan ni àwọn òǹkọ̀wé wa ń rí?

Ohun mìíràn tún wà nínú irú eré bẹ́ẹ̀ tí kì í sí nínú ti ọkùnrin. Bí obìnrin bá gorí àga, eré yóò béèrè pé ta ni ń se oúnjẹ nílé, ṣé ọkọ kò bínú, ṣé ọmọ kò ṣìnà. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé iṣẹ́ ilé wúwo lórí obìnrin ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin jẹ́ gómìnà nínú eré, ọmọ rẹ̀ lè máa fi oògùn olóró ṣeré, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìjọba ni ó fà á.

Ẹni tí kò bá tíì rí King of Boys ti Kemi Adetiba kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí. Fíìmù rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, apá kejì rẹ̀ sì jáde lórí Netflix ní ọdún 2021 ní ìpín méje. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ni ó ṣe Ẹniọlá Sàlámì, ọ̀pọ̀ wa sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ bí Toyin Tòmátò nínú Super Story. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, Ẹniọlá ń retí ipò mínísítà. Nínú ti Netflix, ó padà dé láti ìgbèkùn, ó sì ní òun yóò ṣe gómìnà Èkó. Mo gbà pé eré náà ga. Yorùbá inú rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá ìdákúrekú tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rín. Obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún ni ó gbé e, kì í ṣe ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n fi ẹwà rẹ̀ ta ọjà. Kò sì sí ẹni tí ó rí Ẹniọlá tí yóò sọ pé obìnrin kò lè pàṣẹ.

Ṣùgbọ́n kí ni ó fẹ́ fi ìjọba ṣe? Lẹ́yìn ìpín méje, òǹwòran mọ àwọn ọ̀tá Ẹniọlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tí ó pa àti ẹni tí ó fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ ṣe fún Èkó kò yé e tó bẹ́ẹ̀. Àga gómìnà dà bí ọṣẹ tí ó fẹ́ fi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Obìnrin kejì tí ó lágbára nínú eré náà ni ìyàwó gómìnà, Jùmọ̀kẹ́ Randle, tí ẹ̀tàn rẹ̀ ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀nà méjì tí eré ṣí sílẹ̀ fún obìnrin láti dé ilé ìjọba Èkó: kí ó jẹ́ ọba àwọn ọmọ ìta, tàbí kí ó fẹ́ gómìnà. Ìyálóde kò sí níbẹ̀. Obìnrin tí ó ṣe kánsílọ̀ lánàá, tí ó ṣe alága lónìí, tí ó fẹ́ ṣe gómìnà lọ́la, kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà wọ inú èyí, nítorí pé kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ya àwòrán obìnrin dúdú. Scandal, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012, gbajúmọ̀ ní Èkó gan-an. Àwọn ènìyàn yọ̀ pé obìnrin dúdú ni ó wà ní àárín eré ńlá bẹ́ẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni Olivia Pope ń ṣe? Ó ń tún ohun tí àwọn ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe. Ó ń fi àwọn ènìyàn sórí àga. Nígbà tí ó wá tó àsìkò kí obìnrin di ààrẹ nínú eré náà, Mellie Grant aláwọ̀ funfun ni ó dé ibẹ̀. Obìnrin dúdú ni ó gbá ilé mọ́. Ẹlòmíràn ni ó wọlé jókòó.

Àwòrán yìí ti pẹ́, kò bẹ̀rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán. Ní ọdún 1856, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rí i dájú pé wọ́n lé Ẹfúnróyè Tinúbú kúrò nílùú nítorí pé agbára rẹ̀ ní ààfin àti nínú òwò ju èyí tí ó lè gbà lọ. Òun náà ṣòwò ẹrú, mi ò sì fẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá gbà á, wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ogun Dàhọ̀mì, wọ́n sì fi joyè Ìyálóde ní ọdún 1864. Ohun tí òyìnbó rí bí ewu ni Ẹ̀gbá rí bí olórí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta láì fún wọn ní àga ní ìgbìmọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dìde, tí Aláké Adémọ́lá sì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àṣà wa ni ó ní kí obìnrin má ṣe ìjọba, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé àṣà ta ni. Òótọ́ ni pé àwọn baba wa náà kò pín àga ní dọ́gba. Ṣùgbọ́n àga kan wà, òyìnbó ni ó gbé e kúrò, àwa ni a kò sì dá a padà.

Inú mi dùn pé Bolanle Austen-Peters fi ìtàn Ransome-Kútì ṣe fíìmù, tí ó dé ilé sinimá wa ní ọdún 2024. Ó fi ìpàdé, ìwé ẹ̀bẹ̀, owó orí àti ọjà hàn, kì í ṣe ìjà orogún. Ìyẹn sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn eléré yóò dáhùn pé eré láìsí ìjà kò dùn, pé ta ni yóò jókòó wo obìnrin tí ń ka ètò ìṣúná. Mo gbà pé eré gbọ́dọ̀ ní ìjà. Ṣùgbọ́n ibo ni ìjà pọ̀ sí ju ètò ìṣúná lọ? Ní Denmark, Borgen bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Ìdúnàádúrà láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó pọ̀ jù nínú eré náà, lórí obìnrin olórí ìjọba kan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń wò ó láìsùn. Nítòsí wa níbí, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa dá iye tí wọ́n yóò ta gàrí lé àwọn obìnrin ọjà Èkó lórí. Àlímọ́tù Pelewúrà, olórí wọn, kò gbà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó bá àwọn òyìnbó ìjọba sọ ọ́ lójúkojú, títí ètò náà fi dàbí ẹ̀kọ tí kò dì. Ogun wà, ebi wà, òyìnbó wà, ọlọ́pàá wà, gàrí sì wà nínú rẹ̀. Kí ni eré tún ń wá?

Àwọn mìíràn yóò sọ pé obìnrin burúkú wà nínú ìṣèlú ní tòótọ́. Wọ́n wà, mi ò sì béèrè pé kí á fi gbogbo obìnrin ṣe áńgẹ́lì. Obìnrin mímọ́ tí kò ṣe àṣìṣe rí kò yàtọ̀ sí àjẹ́. Méjèèjì kì í ṣe ènìyàn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí wọ́n pọ̀ nínú eré bí àwọn ọkùnrin ṣe pọ̀: olè, olóòótọ́, ọ̀lẹ, aláápọn, ẹni tí ó gbìyànjú tí kò ṣeé ṣe fún un. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀, ẹnì kan kò ní máa ru ẹrù gbogbo wọn.

Nítorí pé ẹnì kan ń ru ẹrù náà ní ayé gidi. Patricia Etteh di Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní oṣù kẹfà ọdún 2007, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ó fi ipò sílẹ̀ nítorí ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ àtúnṣe ilé. Ó yẹ kí á béèrè ọ̀rọ̀ owó ìlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò dúró lórí owó. Iṣẹ́ irun ṣíṣe tí ó ti ṣe rí ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọkùnrin tí ẹ̀sùn ti kàn ní ipò yẹn tẹ́lẹ̀ kò dí ọ̀nà mọ́ ọkùnrin. Láti ọdún 2007, kò sí obìnrin mìíràn tí ó dé àga náà. Ní Èkó níbí, Mojísọ́lá Meranda di Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2025. Ọjọ́ 49 ni ó lò kí ó tó fi ipò sílẹ̀ fún ọkùnrin tí wọ́n yọ ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin àpapọ̀ dìbò ta ko àwọn àbá òfin tí ìbá fún obìnrin ní ààyè púpọ̀ sí i. Nígbà tí ọdún 2023 fi parí, sẹ́nétọ̀ obìnrin 4 ni ó wà nínú 109.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi Amuwo-Ọ̀dọ̀fin hàn yín. Láti ọdún 2019 sí 2023, obìnrin kan, Mojísọ́lá Alli-Macaulay, ni ó ṣojú ẹkùn kìíní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Ìbò ni ó gbé e wọlé. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ni ó gba àga náà, ìbò kan náà ni wọ́n sì fi gbà á. Kò sí ẹni tí ó kú kí obìnrin tó wọlé, kò sí ẹni tí ó gbé májèlé jẹ nígbà tí ó jáde. Àwọn ará ìlú wò ó, wọ́n yàn, wọ́n sì tún yàn. Bí ìṣèlú ṣe yẹ kó rí fún akọ àti abo nìyẹn. Mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ nínú eré wa kankan.

Èkó yìí kan náà ti ní obìnrin tó ṣe igbákejì gómìnà: Sinatu Ojíkùtù, Kofowórọlá Bucknor-Akerele, Sarah Sosan, Adéjọkẹ́ Orelope-Adefulire, Idiat Adebule. Márùn-ún ni mo kà yẹn, láàárín ọdún 1992 sí 2019. Kò sí ọ̀kan tó di gómìnà. Kí ni igbákejì ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́? Ta ni ń fún un ní fáìlì, ta ni kì í fún un? Kí ni ó ń sọ nígbà tí òun àti gómìnà kò bá gbọ́ra wọn yé mọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí tó fún eré ọdún mẹ́ta gbáko, láì yin ìbọn kan ṣoṣo.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn òǹkọ̀wé wa kò le. Ẹ fi obìnrin hàn wá nínú iṣẹ́. Ẹ fi alága ìjọba ìbílẹ̀ hàn wá, ní àsìkò òjò, tí àgbàrá kún òpópónà Festac, tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, tí ìjọba àpapọ̀ kò sì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí á rí i tí ó ń wá owó, tí agbaṣẹ́ṣe ń tàn án jẹ, tí àwọn obìnrin Àgbójú wá bá a ní ọ́fíìsì pé àwọn ni àwọn dìbò fún un. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe àṣìṣe kan, kí ó sì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó pàdánù ìbò, kí ó lọ sílé, kí ó sì tún jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ẹ pè é ní orúkọ oyè rẹ̀, ẹ má pè é ní ìyàwó ẹnì kan.

Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin rí ejò tí obìnrin pa ejò, kí ejò ṣáà ti kú. Òwe yìí kò béèrè ẹni tí ó mú igi dání. Ejò ni ó ń wò. Eré wa ń wo obìnrin náà lára, ó ń wo aṣọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ejò sì ń lọ ní tirẹ̀. Ojú Idia ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú àpótí gíláàsì. A ti ń béèrè fún un láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì tọ́ kí á máa béèrè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Idia ṣe kò sí nínú àpótí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn, àwa fúnra wa ni a lè gbé e jáde, kò sì gba ìyọ̀ǹda British Museum.